Àyè Ìsàlẹ̀ Òkúta

"Ṣé màmá rẹ kò bímọ ni?"

Pẹ́lẹ́bẹ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀, ó ń nawọ́ sí òkúta funfun tó dúró lórí ibojì ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, wọ́n sì gba inú itẹ́ òkú nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ yá. Orúkọ olóògbé wà lára òkúta náà, ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó kú tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni "Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn." Láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, òfìfo ni.

"Èmi tí mo dúró síwájú rẹ yìí ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ ló bí mi?"

"Èmi kọ́ ni kí o bi. Bi òkúta. Òun ni kò mọ̀ ẹ́."

Lọ́yà ni gbogbo kíláàsì ń pe ọmọbìnrin yìí, ọmọ olóògbé, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í jiyàn sí. Lọ́jọ́ yìí, ṣe ló kàn yíjú padà, ó gba ilé lọ.

Màmá Àgbà, ìyá ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ àwọn oníbàárà kún orí okùn nínú yàrá iwájú débi pé ènìyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè dé ibi àga.

"Màmá, kí ló dé tí orúkọ mi ò sí lára òkúta màmi?"

Màmá Àgbà ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Àyè tó kù níbẹ̀ ní iṣẹ́ tó máa ṣe."

"Iṣẹ́ wo?"

"Tó bá yá, wàá mọ̀. Ìwọ ọmọ yìí, o ò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan sùn kó tún jí."

Èsì yìí dun Lọ́yà. Ó rò ó títí, ó sì dá a lójú pé ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ òun sílẹ̀.

Agbẹ́kùúta ni bàbá Pẹ́lẹ́bẹ́. Òun ló ń kọ orúkọ òkú sára òkúta fún gbogbo àdúgbò, Pẹ́lẹ́bẹ́ sì ti ń wò ó láti kékeré.

"Ìyá mi ni, òkúta mi ni," Lọ́yà sọ fún un. "Ṣé o lè kọ orúkọ mi sí i?"

"Mo lè di ojú kọ ọ́. Ìwọ ni mi ò mọ̀ bóyá o láyà. Ẹnu nìkan lo ní."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tì í débẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Pẹ́lẹ́bẹ́ kó òòlù àti irin ìgbẹ́kùúta bàbá rẹ̀ sínú báàgì ìwé rẹ̀ láì tọrọ. Lọ́yà di òkúta mú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbẹ́ ẹ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde, ó dára, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Níbi lẹ́tà kejì, òkúta náà dún kẹ́ẹ́, bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná sínú ife dígí. Ó là láti ìsàlẹ̀, ó la orúkọ ìyá Lọ́yà kọjá, apá òkè sì mì.

Pẹ́lẹ́bẹ́ fi èérún òkúta há ojú ibi tó là. "Kò tíì wó. Tá a bá dákẹ́, òjò ni wọ́n máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù."

Lọ́yà délé, ó la ẹnu láti sọ ọ́.

"Ṣé o ti jẹun?" Màmá Àgbà bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ebi ń pa á. Ó wọlé lọ dùbúlẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá wo ibojì ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bó ṣe fẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó fọwọ́ ti òkúta ìyá Lọ́yà. Apá òkè já lu ẹsẹ̀ rẹ̀, eegun rẹ̀ sì ṣẹ́.

Alábòójútó itẹ́ òkú ránṣẹ́ pe Màmá Àgbà. Lọ́yà tẹ̀ lé e. Ọ́fíìsì náà kéré, ṣọ́bìrì àti bàtà alámọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ má bínú sí mi," ọkùnrin náà sọ. "Ìlú ló ni ilẹ̀. Ẹ̀yin ní ẹ̀tọ́ láti sìnkú síbẹ̀, ṣùgbọ́n tiyín ni òkúta. Bó bá ṣubú lu ènìyàn, ọ̀dọ̀ yín ni òfin máa wá."

"Mo máa ń mì í wò nígbàkígbà tí mo bá lọ. Ó dúró gbọn-in." Ohùn Màmá Àgbà rẹlẹ̀. "Àbí ojú mi ò ríran mọ́ ni?"

Lọ́yà kò lè fara dà á pé ìyá àgbà ń fura sí ojú ara rẹ̀.

"Màmá, èmi ni." Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Màmá Àgbà fà á dìde.

"Inú ibojì yẹn ni wọ́n máa sin èmi náà sí," ó sọ. "Orúkọ mi ni mo fi àyè yẹn sílẹ̀ fún, kí tìrẹ tẹ̀ lé e, ọmọ tó gbẹ̀yìn wa. Mi ò fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ikú létí ọmọ tó ti pàdánù ìyá rẹ̀. Ìdí tí mo ṣe dákẹ́ nìyẹn."

"Sà, èmi ni kí ẹ mú. Màmá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Màmá Àgbà gbé ọwọ́ sókè. "Èmi ni mo ni òkúta, èmi ni mo ni ọmọ. Àwọn méjèèjì ló ṣubú lu ènìyàn. Ọrùn mi ni kó wà."

Títí tísà fi tún rìn, Màmá Àgbà ló ń fọ aṣọ rẹ̀, Lọ́yà sì ń gbé e lọ fún un. Ọkùnrin náà kò bá a wí rí. "Gbé e síbi tí ọwọ́ mi ti lè tó o," ló máa ń sọ. Ìyẹn dùn ún ju ìbáwí lọ.

Bàbá Pẹ́lẹ́bẹ́ wá wo òkúta náà. Ó mi orí. "Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Màmá, òkúta kì í ṣe aṣọ tí a lè lẹ̀." Wọ́n kó o lọ. Agbára Màmá Àgbà kò ká òmíràn mọ́, ilẹ̀ lásán ló kù.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń tu koríko níbẹ̀, Lọ́yà sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n gba ẹrù yìí lọ́wọ́ yín. Alábòójútó ní tí mo bá dàgbà tó, tí ẹ sì fọwọ́ sí i, ẹ̀tọ́ ibojì yìí lè di tèmi."

"Mo ti dárí jì ẹ́."

"Mo mọ̀, mà."

"Ṣùgbọ́n kò tíì yá."

Màmá Àgbà ń tu koríko lọ. Lọ́yà kò jiyàn. Ó ti yé e pé ìfẹ́ nìkan kì í sọ nǹkan di tẹni. Ẹni tó máa jáde wá dáhùn lọ́jọ́ tí nǹkan bá wó, òun ló ni ín. Ọjọ́ tí òkúta là, ó sá lọ dùbúlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń fi ọwọ́ tu koríko ibi tí òkúta ti dúró rí.