Alùpùpù Tó "Kàn Fẹ̀gbẹ́ Lélẹ̀" Lẹ́ẹ̀kan

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Thoa ń bó èèpo àgbọn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ létí odò Ham Luong, ó ń kọrin, ó ń ju ìdí. Duyen ọmọ rẹ̀ ti ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì! Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun abúlé lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ jìnnà, ẹsẹ̀ ò lè gbé e débẹ̀ lásìkò.

"Ọmọ mi di nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi yọ̀,
Ọmọ mi ń wọ funfun, ẹ bá mi jó,
Alùpùpù ló kù, ẹ bá mi wá a o!"

Ibi tó ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni Luan ti dé. Luan ló ń ta alùpùpù àlòkù ní ìkóríta. Ó gun ọ̀kan bọ̀, pupa fòò, ó ń dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa lára.

"Màmá Duyen, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ wo ohun tí mo gbé bọ̀."

Thoa ò wo táyà, kò wo bíréèkì. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, bí gbogbo wa níbí ṣe máa ń ṣe, torí a gbà pé nọ́ńbà ọkọ̀ lè mú oríire wá. Ó fi ìka kà á: mẹ́rin, márùn-ún, méjì, méje, oókan. Ó rò ó pọ̀. Mọ́kàndínlógún! Ẹ yọ mẹ́wàá kúrò níbẹ̀, ó ku mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án gan-an, olórí oríire!

"Háà! Luan, níbo lo ti rí èyí?"

"Orí yín ló wá a rí, Màmá mi."

Duyen jáde síta, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, ẹ bi wọ́n bóyá ó ti ṣe jàǹbá rí."

Luan bú sẹ́rìn-ín. "Jàǹbá kẹ̀? Ó kàn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni."

"Ṣé o gbọ́?" Thoa kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ó kàn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èmi náà kì í fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tí mo bá jẹun ọ̀sán tán?"

"Ẹ̀yin ò kúkú ní gbé mi kọjá lórí afárá, Màmá."

Thoa rántí afárá náà. Ọ̀nà tí Duyen máa gbà, kọńkéré tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Omi wà lọ́tùn-ún, omi wà lósì, kò sí irin tó lè dá èèyàn dúró. Alùpùpù tó bá fà sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ́nrẹ́n, inú omi ló ń gbé èèyàn lọ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fa olùkọ́ kan yọ níbẹ̀, apá rẹ̀ ti kán.

"Ó dáa," ni Thoa wí. "Kí Àǹtí Muoi bá wa wò ó."

"Kí lẹ tún ń da Àǹtí Muoi láàmú sí? Èèyàn méjì mìíràn ló ń pè mí lórí rẹ̀ o!"

"Bọ̀ọ̀dá Luan," ni Duyen wí, "kí ni wíwò máa mú kúrò lára rẹ̀?"

Luan di ọwọ́ alùpùpù náà mú. Bí wọ́n ṣe tì í lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Muoi nìyẹn. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé ni, mẹkáníìkì ni, abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó lóṣòó, ó wo ọrùn alùpùpù náà, ó yínmú.

"Ọ̀dà ọrùn rẹ̀ tuntun, ti ìdí rẹ̀ gbó. Ta ló ń kun ọrùn nìkan?"

"Obìnrin tó ń lọ òde ni," ni Thoa dáhùn. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Àǹtí Muoi bu omi, ó dà á sí táyà méjèèjì. "Duyen, tì í lọ tààrà lórí kọńkéré gbígbẹ yẹn." Duyen tì í. Omi sì fa ìlà sílẹ̀.

"Ìyá Duyen, ìlà mélòó lo rí?"

"Méjì."

"Mélòó ló yẹ kó jẹ́?"

"Méjì náà ni, Àǹtí. Táyà méjì, ìlà méjì."

Àǹtí Muoi pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ọmọlanke lo pè é ni? Ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tọ ojú ẹsẹ̀ ti iwájú ni, kó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo! Egungun èyí, irin tó gbé gbogbo ara rẹ̀ ró, ti wọ́." Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ọrùn náà. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ yọ síta, wúruwùru. "Èyí ò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ o. Ó forí sọ nǹkan ni."

Luan ń wo bàtà rẹ̀. "Wọn ò bi mí bóyá ó forí sọ nǹkan, Àǹtí."

"Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn, ẹ̀yin èèyàn," ni Thoa wí, ojú ń ro ó. "Mẹ́sàn-án ni o. Ṣé kò ṣe é tún ṣe ni?"

"Màmá, nọ́ńbà yẹn ò ní bá wa délé. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ló ni ín. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa dá a padà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ni, wọ́n á sì fún àwa ní tiwa."

Thoa tún wo nọ́ńbà náà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó dorin sílẹ̀:

"Iwájú ń lọ Saigon o,
Ẹ̀yìn ń lọ Ca Mau,
Ọmọ mi ni ì bá há sáàárín!"

Luan náà rẹ́rìn-ín, bí ojú tilẹ̀ ń tì í. Ó ní òun ní ọ̀kan nílé, ó burẹ́wà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Alùpùpù yẹn náà ti ṣubú rí, ike ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ya, díńgí rẹ̀ sì fọ́.

Wọ́n gbé e wá. Ọ̀dà ara rẹ̀ gbó dọ́gbadọ́gba. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún bó ṣe ń yí sósì. Nọ́ńbà tó wà lára irin rẹ̀ bá ti inú ìwé mu. Wọ́n da omi sí táyà rẹ̀, Duyen tì í: ìlà kan ṣoṣo.

"Èyí gan-an," ni Àǹtí Muoi wí, "ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀."

Òun ni Duyen gùn lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú aṣọ funfun àti akoto lórí. Thoa dúró wò ó títí tó fi gun afárá, tó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, tààrà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra alùpùpù àlòkù, ẹ gbọ́. Jàǹbá kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ike tó ya, ara tó họ, ẹ lè rà á, kí wọ́n sì dín owó rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n èyí tí egungun rẹ̀ wọ́, tàbí tí wọ́n jó pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó ti ṣubú rí nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: kí ló kọlù? Kí lẹ pààrọ̀? Ta ló tún un ṣe? Ojú ọ̀sán ni kẹ́ ẹ ti wò ó, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti olùtà. Ẹ gba ìwé rẹ̀ sí orúkọ ara yín.

Olùtà tó bá sì ní kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ.