Ìwé Òkú Elétí Àwọ̀ Ewé

Ní ìlú Plovdiv, òkú pọ̀ lára ògiri ju alààyè tó ń rìn ní títì lọ. Bí èèyàn bá ti kú, àwọn ará ilé rẹ̀ á tẹ ìwé ìkéde tó ní fọ́tò rẹ̀, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, mọ́ òpó iná, mọ́ ara igi. Òjò á pa á, oòrùn á sá a, ojú òkú náà á máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ya á. Ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì á máa wo òkú, òkú á máa wò ó, títí bọ́ọ̀sì á fi dé.

Nítorí náà, ìwé òkú tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì Brod bá lára ilẹ̀kùn wọn ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, tí kùrukùru bo gbogbo ìlú, kì bá ti dẹ́rù bà wọ́n. Ohun tó dẹ́rù bà wọ́n ni pé ẹni inú fọ́tò náà bá wọn mu kọfí lánàá. Asen Karov ni, ọkùnrin tó ń díye lé ọjà ní báńkì náà. Ìwé náà ní Asen ti fi ayé sílẹ̀. Fọ́tò náà ń rẹ́rìn-ín.

"Àwàdà burúkú rèé o," ni ọ̀kan nínú wọn wí, ó sì pe fóònù Asen. Gbogbo wọn gbọ́ ọ tó ń dún. Inú ilé náà gan-an ló ti ń dún, lókè, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Wọ́n tún pè é, ó tún dún. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gun àtẹ̀gùn.

Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Ralitsa Tonkova dé, wọ́n ti já ilẹ̀kùn náà. Obìnrin kúkurú ni Ralitsa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó bá Asen ní ìdí tábìlì gígùn, ó jókòó tòun ti kóòtù lọ́rùn, bí ẹni tó ń dúró kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Ife kọfí kan wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ìgò tàtàṣé lílọ̀ kan, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Chushka ń tà. Kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀.

"Oògùn àrùn ọkàn ni wọ́n dà sínú kọfí rẹ̀," ni dókítà wí. "Èyí tí wọ́n dà síbẹ̀ tó ẹṣin í pa. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti kú."

Àwọn òṣìṣẹ́ kó ara wọn jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Nevena Shopova, igbákejì Asen, wà láàárín wọn. Òun kọ́kọ́ ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú ojú, bí ẹni tó fẹ́ bọ́jú, kó tó yára kó ìka jọ tó sì ṣe àmì bíi tàwọn yòókù. Ralitsa rí i.

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ yìí ká Ralitsa lára ju iṣẹ́ lásán lọ. Ìyá rẹ̀, Màmá Stoyna, ti kó gbogbo owó ìsìnkú rẹ̀ sínú ìpín ìdókòwò Chushka tí Brod ń tà. Ọ̀pọ̀ arúgbó àdúgbò wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọ̀la ni báńkì máa pa ìtajà náà dé, owó á sì dọwọ́ Chushka, kò ní sí àbọ̀. Òfin kò sọ pé kí wọ́n dá ọjà dúró torí pé ẹnì kan kú.

Ó kọ́kọ́ jókòó ti Bogomil Drenkov, ọ̀gá àgbà báńkì, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, Màdáámú," ni Drenkov wí. "Báńkì tiwa kì í ṣe ibi tí ìyá yín ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì. Afárá ni wá. Ẹni tó lówó wà ní bèbè kan, ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ wà ní bèbè kejì. Chushka fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun, kò lówó. Ará ìlú lówó lábẹ́ ìrọ̀rí, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Àwa la ń gé Chushka sí ìpín wẹ́wẹ́ kí ará ìlú lè rà á. Ilé-iṣẹ́ á gbòòrò, àwọn ọ̀dọ́ á ríṣẹ́, ìlú á rọ̀ ṣọ̀mù."

"Bí igi afárá bá jẹrà ńkọ́?"

"Ìdí tí Asen fi wà nìyẹn. Òun ló ń yẹ igi wò. Bí kò bá fọwọ́ sí i pé iye tí a dá lé ọjà jẹ́ òótọ́, a ò lè parí ìtajà."

"Ó ti fọwọ́ sí i?"

Drenkov wo fèrèsé. "Kò tíì fọwọ́ sí i. Igbákejì rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i báyìí." Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ wò ó, ẹ má dára yín láàmú. Níwájú gbogbo wa ni Garvanov tó ni Chushka ti pariwo mọ́ Asen lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé bó bá já iye ọjà òun wálẹ̀, òun á lẹ ìwé òkú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọ̀gá," ni Ralitsa dáhùn, ó sì dìde.

Ó bá Petko Garvanov ní àká Chushka lẹ́yìn odi ìlú. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ohùn rẹ̀ a máa mi ìgò lórí pẹpẹ.

"Mo sọ ọ́!" ni Garvanov ké. "Ṣé kí n sẹ́ ni? Ẹnu ni mo fi ń jà, ọmọ mi, gbogbo ìlú ló mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé náà hàn mí." Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ojú rẹ̀ yí padà. "Kí lèyí? Ta ló fi àwọ̀ ewé yí etí rẹ̀ ká?"

"Bóyá yíǹkì dúdú ló tán," ni Sájẹ́ńtì Momchil dá sí i lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀.

"Momchil, kí ni wọ́n wá fi kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, omi ata?" ni Ralitsa bi í. Lóòótọ́, àwọn lẹ́tà náà dú bíi kóró iṣin.

"Àwọn Mùsùlùmí là ń ṣe aláwọ̀ ewé fún," ni Garvanov wí. "Èmi àti Asen jọ gbé àbẹ́là yí ṣọ́ọ̀ṣì po lọ́jọ́ Àjíǹde. Bó bá jẹ́ èmi ni, dúdú ni màá ṣe é, màá sì ya àgbélébùú gàgàrà sí i lórí. Ẹni tó ṣe èyí kò mọ Asen rí."

"Tàbí kó mọ̀ ọ́n jù yín lọ." Ralitsa yọ ìgò tó wà níwájú òkú jáde nínú àpò rẹ̀. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ohun inú rẹ̀ sì ń mì wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. "Ẹ bá mi ṣí i, bàbá."

Garvanov kò nawọ́. Ralitsa fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Omi tí wọ́n ti po aró pupa mọ́ ló dà sílẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn àká, níbi tí iná kò dé, ó sì ń gbé ìgò mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgò iwájú nìkan ni tàtàṣé wà nínú rẹ̀. Gbogbo tẹ̀yìn ń dá a lóhùn nínú òkùnkùn náà, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí ẹni púpọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ralitsa gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Owó ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ra omi yìí.

Garvanov ti jókòó sórí àpótí. "Olè ni mí," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Apànìyàn kọ́."

"Ta ló mọ̀ sí i ní Brod?"

Ó mi orí. Momchil fi ẹ̀wọ̀n sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ralitsa pe Drenkov pé kó dá ìtajà dúró, èsì tó fọ̀ ni pé ìgò kan kì í ṣe ẹ̀rí, pé ẹni tó máa sọ bóyá iye ọjà pé tàbí kò pé ni igbákejì Asen.

Nevena gba Ralitsa lálejò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, ó rọra ń sọ̀rọ̀.

"Ibo lẹ ti mọ Asen, àǹtí?"

"Níbí náà ni. Ibi iṣẹ́ ló pa wá pọ̀."

"Irú èèyàn wo ni?"

"Olórí kunkun." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Láti kékeré ni. Bí ìwọ̀n wàrà kò bá pé, kò ní jẹ́ kó jáde nílé, ẹ báà nà án."

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

Nevena gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ó sọ ọ́ fún mi ni," ni ó wí.

Ralitsa délé, ó bá ìyá rẹ̀ tó ń se ẹ̀wà. "Ṣé owó mi wà láìléwu?" ni Màmá Stoyna bi í. "N kò fẹ́ kí wọ́n dá owó sin mí láàárín àdúgbò, kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n tẹ fóònù kan."

Ẹni tó pè ni ẹ̀gbọ́n Asen obìnrin, ní abúlé kan ní àwọn òkè Rhodope. Emine lórúkọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ sunkún kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ yé pè é ní Asen fún mi," ni Emine wí. "Hasan ni bàbá mi sọ ọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn sójà tí ìjọba rán wá ní ìgbà òtútù kan, nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò wo ilé kankan. Wọ́n tò wá sínú yìnyín, wọ́n na ìbọn sí wa, wọ́n ní gbogbo Mùsùlùmí abúlé gbọ́dọ̀ gba orúkọ tuntun tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn wọn. Nígbà tí ìjọba yẹn wó, èmi gba tèmi padà. Hasan ní àwọn báńkì kò ní gba Hasan síṣẹ́."

"Ta ló tún mọ̀ ní Plovdiv?"

"Ọmọ ilé kejì wa nìkan, Nefise. Òun náà ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n fún un títí dòní. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé wàrà lọ sọ́jà."

Ralitsa sọ ohun tó fẹ́ kó ṣe ní àárọ̀ ọ̀la fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru kò tíì ká kúrò. Nínú yàrá tí Asen kú sí, Nevena ti jókòó, ìwé ìtajà wà níwájú rẹ̀, kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Drenkov dúró tì í. Ralitsa wọlé pẹ̀lú Momchil, ó tẹ́ ìwé òkú tuntun sórí tábìlì. Dúdú ni etí rẹ̀, àgbélébùú ńlá wà lókè rẹ̀. Fọ́tò kan náà ló wà níbẹ̀, ẹ̀rín kan náà.

"A ti tún èyí tó bàjẹ́ ṣe," ni Ralitsa wí. "Ọ̀la la máa sin ín. Àlùfáà á gbé àgbélébùú lé e láyà, á sì da wáìnì pupa sí i lára bá a ṣe ń ṣe."

Kálàmù Nevena dúró. Kò gbójú sókè.

Fóònù òkú, tí Ralitsa gbé sórí tábìlì, bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Drenkov fò sẹ́yìn. Orúkọ Emine ló hàn lójú rẹ̀.

"Ẹ gbé e, àǹtí," ni Ralitsa wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ẹ sọ fún un pé wáìnì la máa fi wẹ àbúrò rẹ̀."

Ó ń dún. Ó ń dún.

"Ẹ má da wáìnì sí i lára!" Nevena ti dìde, kálàmù ti já bọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Kì í mu ún!"

"Kì í mu ún kẹ̀?" ni Drenkov wí. "Gbogbo àríyá wa ló ti ń gbé ife."

"Ó ń gbé e," ni Nevena wí. "Kì í gbé e mì."

Fóònù náà dákẹ́. Ralitsa fa àga, ó jókòó.

"Ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ já lé Garvanov lórí ló lẹ ìwé òkú yẹn," ni ó wí. "Ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n Garvanov ì bá ṣe é ní dúdú, Ọ̀gá Drenkov náà ì bá ṣe é ní dúdú, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé yìí pé Asen kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, àyàfi ẹnì kan. Ẹni náà ṣí àtẹ́lẹwọ́ ṣàdúà fún un lánàá kó tó rántí àgbélébùú. Ó mọ ìwọ̀n wàrà tí kò pé. Asen sì ti mú ìgò omi wá, kò ní fọwọ́ sí irọ́. Bó bá kú, igbákejì rẹ̀ á fọwọ́ sí i. Kí ni Garvanov ṣèlérí fún ọ, Nefise?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ yẹn ní Plovdiv. Obìnrin náà jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ fún.

"Ìpín nínú Chushka," ni ó wí. "Èmi ni mo mú gbogbo àwọn olùrà wá. Bí ọjà bá fọ́, mo fọ́. Wọ́n ti gba orúkọ mi, mo ní wọn ò ní gba iṣẹ́ mi. Mo bẹ Hasan. Ó ní owó àwọn arúgbó ni. Mo po kọfí fún un, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó na ìka sí ìwé dúdú náà, kò fọwọ́ kàn án. "Mo ti kọ́kọ́ tẹ irú èyí. Dúdú, tòun ti àgbélébùú. Fọ́tò náà ń wò mí. Bó ṣe wò mí nínú yìnyín lọ́jọ́ yẹn ló ṣe wò mí. Mo ya á. Mo lè pa á, ẹ ò rí i, mo pa á. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe ohun tí àwọn sójà yẹn ṣe sí i lẹ́ẹ̀kejì."

Drenkov mú ìwé ìtajà náà, ó rọra ya á sí méjì kí agogo ọ̀sán tó lù.

Owó padà sọ́wọ́ àwọn arúgbó. Nígbà tí Ralitsa kó ti ìyá rẹ̀ wá sílé, Màmá Stoyna tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wò ó títí.

"Ọmọkùnrin yẹn," ni ó bi í, "ta ló máa tẹ ìwé òkú rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lówó, Màmá. Wọ́n ti sin ín sí abúlé, àfáà ló kírun sí i lára."

Arúgbó náà yọ díẹ̀ nínú owó náà, ó tì í sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Ẹni tó gba owó ìsìnkú mi sílẹ̀, ṣé n kò ní fi lára rẹ̀ sin òun náà ni? Lọ tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé ni kí wọ́n ṣe é o. Kí wọ́n sì kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́."

Ralitsa fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn Brod. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, òjò ti pa á, oòrùn ti sá a, ẹ̀rín náà sì ti ń parẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ ọn á ṣì rí i kà: Hasan.