Ohùn Ńlá Oníròyìn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ìwọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ìtàn kì í dùn létí ẹni tó ń yọjú.

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Oníròyìn nílé ìwé, nítorí iṣẹ́ rédíò ló wù ú. Bó bá fẹ́ kí o bá òun bu omi, á fa ojú ro, á mú ohùn ki bí ẹni tó ń kéde ogun. Ìyá rẹ̀, aránṣọ, a máa ní, "Ṣé omi lo ní ká bù ni, àbí òkun ló gbẹ?"

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rọbí, nọ́ọ̀sì ní èèyàn méjì péré ni kó dúró nílé ìwòsàn. Oníròyìn àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró. Nílé, fóònù ti kú. Bàbá ń jáde, ó ń wọlé. Ìyá ń rán ẹ̀wù ọmọ tuntun, ó ń tú u, ó tún ń rán an.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ ẹ̀gbọ́n ní, "Sáré lọ sọ fún wọn pé ó ti bí tibi-tire. Obìnrin ni."

Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé irú ìròyìn ńlá báyìí kì í ṣe ohun à ń sáré sọ. Ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó rọra wọlé bí ẹni tó ń tẹ̀lé pósí, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ jókòó," ló wí, wúwowúwo. "Ẹ̀yin òbí mi, ẹ mú ọkàn le."

Ẹ̀yin náà mọ irú ìròyìn tí wọ́n ń ní kéèyàn jókòó gbọ́. Bàbá di ògiri mú. Ìyá kò sunkún. Ó fa ẹ̀wù kékeré náà ya láti ọrùn dé ìdí.

"Màmá, ó ti bímọ. Àlàáfíà ni wọ́n wà." Ohùn ńlá ti sá lọ, ohùn ọmọdé ló kù.

Ìyá bi í pé, "Kí ló dé tí o ò fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́?" Ó na abẹ́rẹ́ àti ẹ̀wù tó ya náà sí i. "Ó yá, lọ kéde fún aṣọ."

Oníròyìn ń rán an, abẹ́rẹ́ ń gún un, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá fi ògiri sílẹ̀, ó gbé orin:

"Ayọ̀ kan ilẹ̀kùn,
Ẹ má fojú ẹkún ṣí i;
Ayọ̀ kan ilẹ̀kùn o,
Ẹ jẹ́ ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wù tí ojú rírán rẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ ni ọmọ wọ̀ wálé. Àwọn aládùúgbò kún yàrá. Oníròyìn yọjú láti ilé ìdáná: "Oúnjẹ ti jinná. Ẹ wá jẹun." Ó parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣé kó. Bí ẹ bá gbé ayọ̀ dání, ẹ má fi aṣọ ọ̀fọ̀ dì í.

Àwọn aládùúgbò jẹ, wọ́n yó, oníkálukú sì korin ayọ̀ Bàbá délé rẹ̀.