Fíìmù Tí Rodiat Rẹ Láró

"Ẹ pa á, Bùọ̀dá Bàrúwà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!"

Rodiat ti fi ìbòrí rẹ̀ bo ojú, ṣùgbọ́n ó fi àyè kékeré kan sílẹ̀ tí ojú kan fi ń yọ. Bẹ́ẹ̀ làwọn tí ẹ̀rù ń bà máa ń ṣe: wọn kò fẹ́ wo nǹkan náà, wọn kò sì fẹ́ kó kọjá lójú wọn. Nínú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì, ọkùnrin gíga kan tó pá lórí, tó wọ kóòtù dúdú tó gùn dé kókósẹ̀, ń bọ̀ láàrin igi. Kò sáré, kò sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà rárá, nítorí nígbà tí wọ́n ṣe é, wọn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn sí fíìmù. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló jẹ́ búlúù, àfi bí ẹni pé wọ́n ti ayé bọ inú ìkòkò aró.

Bàrúwà rẹ́rìn-ín, ó dá a dúró. Òun ló ni ìsọ̀ tí wọ́n ti ń kó orin àti fíìmù sínú fóònù ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Ẹ̀gùá. Ibẹ̀ ni Rodiat, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn iléèwé. Àwọn ẹgbẹ́ Bàrúwà ń gbé bọ́ọ̀lù lé orí, òun ní tirẹ̀, fíìmù adẹ́rùbani àtijọ́ tó máa ń rà ní Kùtọnu ló fi ṣe ìfẹ́.

"Òkú ni," ó wí. "Òru nìkan ló ń jáde. Ó yá, wo èyí."

Ó ti díìsì mìíràn bọ ẹ̀rọ. Fíìmù kan náà ni, ọkùnrin kan náà, igi kan náà, ṣùgbọ́n kò sí búlúù níbẹ̀ mọ́. Dúdú àti funfun lásán ni. Oòrùn mú ganrínganrín, òjìji ọkùnrin náà nà sílẹ̀ lórí koríko, ó sì gbé àtùpà títàn lọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan! Rodiat rẹ́rìn-ín títí ó fi ń lu tábìlì.

"Kí ló ń wá kiri pẹ̀lú àtùpà nínú oòrùn?"

"Kámẹ́rà wọn nígbà yẹn kò lè ríran nínú òkùnkùn," Bàrúwà ṣàlàyé. "Ọ̀sán ni wọ́n ya gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yà á tán, wọ́n á rẹ fíìmù yẹn láró: búlúù fún òru, pupa fún iná, àwọ̀ ìyeyè fún inú ilé tí wọ́n tan fìtílà sí. Nígbà tí àwọn kan wá ń ṣe díìsì olówó pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń wo fíìmù nílé, wọn kò yọ ara wọn lẹ́nu láti fi aró sí i. Ìdí nìyẹn tí òkú tiwọn fi ń rìn lọ́sàn-án."

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe lè fi kọ̀ǹpútà dá aró náà padà. Rodiat tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn, oòrùn kú pátápátá, òru sì ṣú. Ó mọ̀ pé ọ̀sán ni, ojú òun fúnra rẹ̀ ló rí i. Síbẹ̀ orí rẹ̀ wú.

Ẹ̀rù fíìmù kì í ṣe nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rù tó ń bá ọmọ yìí sùn nílé. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìyá rẹ̀, Jẹ̀mílátù, kò ti gba títì mọ́. Ìrẹsì tó ń tà, òdìkejì bọ́dà ló ti ń rà á, bàbá àwọn ọmọ sì ti kú, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, á gba ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Husain, tí Rodiat ń pè ní Bàbá Husain, tó ń gbé ní abúlé kan lọ́hùn-ún. Á sinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, á sì ru ìrẹsì bọ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìbọn dún nínú igbó yẹn. Wọ́n gbé obìnrin kan jáde lórí ọ̀kadà, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ẹsẹ̀ rẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yìn ín.

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá rẹ̀ bá ti di gèlè tó fi ń gba ọ̀nà igbó, àyà Rodiat á já. Kò lè jẹun títí yóò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ṣé ó sọ fún ìyá rẹ̀? Kò sọ. Jẹ̀mílátù kì í ṣe ẹni tí ọmọ ń bá jiyàn, Rodiat sì ti mọ èsì rẹ̀ kó tó béèrè: "Ta ni yóò bọ́ yín?"

Ó wá ronú kan ọgbọ́n tí kì í ṣe ọgbọ́n.

Nígbà tí Bàrúwà lọ kí ìrun àsárì, Rodiat gé ìṣẹ́jú àáyá méjìlá nínú fíìmù dúdú àti funfun yẹn. Ó gé ilé òyìnbó kúrò lẹ́yìn, ó ku igi àti ọkùnrin náà nìkan. Ó fi aró búlúù bò ó, ó sọ ọ́ di bàìbàì bí ohun tí fóònù yà lóru, ó sì fi ìró ìrẹ̀ sí i. Ó kó o sínú fóònù rẹ̀, ó gbé e lọ sílé.

"Màmá, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀nà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn odò ni wọ́n ti yà á."

Jẹ̀mílátù wò ó. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aúsù bíllàhi! Ọ̀nà tí mo ń gbà!"

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, kò lọ. Gàrí ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà, Rodiat sì gbádùn gàrí náà ju ìrẹsì ọdún lọ. Ó sùn wọra.

Àṣìkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, ló rí nǹkan náà nínú fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ojú Àṣìkẹ́ yọ síta.

"Yéè! Rodiat, ẹ̀yìn odò wa níbí? Fi ránṣẹ́ sí mi, jàre."

Ibí gan-an ló yẹ kó ti sọ pé, "Fíìmù ni, èmi ni mo ṣe é." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ti rọ̀gbà yí i ká, àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ń pè é ní "Rodi wa," ó sì dùn mọ́ ọn. Ó fi í ránṣẹ́.

"Má fún ẹlòmíì o."

"Àbí o ò mọ̀ mí ni?"

Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ìyẹn gan-an ni ìyọnu ibẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, nǹkan náà ti dé Ìgbógìlà. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti dé Ayétòrò, ẹnìkan sì ti fi ohùn sí i pé òkú ni ọkùnrin yẹn, ó sì ti pa èèyàn méjì. Àwọn àgbẹ̀ kò dá lọ sóko mọ́. Àwọn ọ̀dọ́, tí Nàfíù jẹ́ olórí wọn, kó kùmọ̀ àti àdá, wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀bá igbó. Rodiat ń gbọ́ fèrè wọn. Ó fẹ́ sọ òtítọ́. Àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ fún? Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà méjì kọjá. Ní òdìkejì bọ́dà, Husain ń retí àbúrò rẹ̀, kò rí i. Ó pe fóònù rẹ̀ títí, kò wọlé. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, òun náà ti gbọ́ nípa ìbọn inú igbó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, tí ọyẹ́ bo gbogbo ilẹ̀ bí èéfín, ó wọ kóòtù àtijọ́ rẹ̀ tó gùn nítorí òtútù, ó sì gba ọ̀nà ẹsẹ̀ bọ̀ wá sí Ẹ̀gùá. Ọkùnrin gíga ni, ó pá lórí.

Rodiat ń lọ sí iléèwé nígbà tó gbọ́ ariwo. Àwọn èèyàn ń sáré lọ sí iwájú ọjà.

"Wọ́n ti mú un! Wọ́n ti mú òkú náà!"

Ó sáré tẹ̀ lé wọn. Láàrin èrò, wọ́n de ọkùnrin kan mọ́ òpó iná. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹrẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, apá rẹ̀ ọ̀tún ń fì dirodiro.

"Jẹ̀mílátù ni mo wá wò," ọkùnrin náà ń sọ. "Àbúrò mi ni."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ti mọ orúkọ èèyàn!" obìnrin kan kígbe. "Ẹ má jẹ́ kó wo ojú yín!"

Rodiat mọ ohùn ọkùnrin náà. Bàbá Husain ni.

Táyà ti wà nílẹ̀. Ẹnìkan ti mú gálọ́ọ̀nù, ó ń wá bẹntiróòlù láti ilé dé ilé, nítorí ìjọba ti ní kí wọ́n má gbé epo wá sí ilé epo tó bá sún mọ́ bọ́dà. Àìsí epo tí gbogbo ìlú ti ń bú látàárọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n tíì dáná sun ún.

Bí Rodiat bá dákẹ́, wọn yóò pa á. Bí ó bá sọ̀rọ̀, bóyá òun ni wọn yóò kọjú sí. Ó rí gálọ́ọ̀nù náà tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó la èrò kọjá, ó lọ dúró síwájú òpó iná.

"Irọ́ ni! Èmi ni mo ṣe é! Fíìmù òyìnbó ni! Ẹ̀gbọ́n màmá mi nìyí!"

Nàfíù fà á sẹ́yìn, ẹnìkan gbá a létí. "Ó ti wọ ọmọ yìí lára!" wọ́n ń pariwo.

"Ẹ pe Bùọ̀dá Bàrúwà! Ẹ jọ̀ọ́, kí ó gbé kọ̀ǹpútà wá!"

Bàrúwà ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsọ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà sáré dé, ó gbé e sórí tábìlì ẹlẹ́ran. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rodiat tẹ ibi tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà, àwòrán náà yọ: búlúù, igi, ọkùnrin tó ń bọ̀. Èrò náà sún sẹ́yìn. Rodiat mú aró náà kúrò, ó sì dá ibi tó ti gé kúrò padà. Oòrùn là. Òjìji yọ lórí koríko, àtùpà yọ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ilé òyìnbó yọ lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin òyìnbó kan tó dé fìlà ńlá sì ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tó dákú.

Nàfíù wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọkùnrin tí wọ́n dè mọ́ òpó. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tú okùn náà.

Wọ́n gbé Bàbá Husain lọ sí ilé ìwòsàn. Ó yè, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ọ̀tún kò nà tán mọ́ títí dòní, télọ̀ sì ni. Bàrúwà kò jẹ́ kí Rodiat wọ ìsọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. "Àwọn tó rẹ fíìmù yẹn láró kò tan ẹnikẹ́ni jẹ," ó sọ fún un. "Ẹni tó bá wò ó mọ̀ pé fíìmù lòun ń wò. Ìwọ lo sọ ọ́ di irọ́." Rodiat lọ bá Àṣìkẹ́ àti gbogbo ọmọ kíláàsì, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á rẹ́ nínú fóònù wọn. Wọ́n pa á rẹ́ lóòótọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹnìkan láti Ìdógò tún fi í ránṣẹ́ sí i, wọ́n ní ìlú tiwọn ni wọ́n ti rí òkú náà.

Nígbà tí Rodiat kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, tó ń sunkún, Bàbá Husain kò bá a wí. Ìbéèrè ló bi í.

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́ nítorí ìyá rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ǹjẹ́ o sọ fún un?"

Rodiat mi orí pé rárá. Gbogbo ọgbọ́n tó dá, gbogbo aró tó fi bo oòrùn, kò sí èyí tó ṣòro tó gbólóhùn kan péré tó yẹ kó sọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Jẹ̀mílátù fi tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó di gèlè ọ̀nà igbó. Ó fẹ́ lọ sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Rodiat dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí. Bí ẹ bá ti lọ, n kì í lè jẹun. Mo máa ń rò pé wọ́n ti yìnbọn fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

Ìyá rẹ̀ tú gèlè náà, ó jókòó sórí àpótí, ó sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó wí. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ sọ ọ́ fún ẹni yín ní kedere. Ẹ má fi irọ́ dẹ́rù ba èèyàn, bó ti wù kí inú rere pọ̀ nínú rẹ̀ tó, ẹ má sì fi ohun tí ẹ kò mọ òtítọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Rodiat mú aró kúrò lára fíìmù ní ìṣẹ́jú kan. Apá Bàbá Husain kò padà sípò.