Máńgòrò Kíkan ní Ilé Indutai

Ọ̀sán Oṣù Karùn-ún ni, ooru ti mú gbogbo ìlú Sangli ní Íńdíà sùn lọ fọnfọn, nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Sulabha ṣí i. Ọkùnrin gíga kan ló dúró níbẹ̀, máńgòrò tútù kún apá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, igi yín ló ń jù wọ́n sí àgbàlá mi. Mi ò fẹ́ jẹ ohun olóhun."

Hemant ni, tíṣà tuntun tó kó sílé kejì.

Sulabha rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín. Ó di ọdún mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí òun àti Indutai, ìyá ọkọ rẹ̀, jọ ń gbé nínú ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ jókòó, Tíṣà. Ẹni tó kó o wá gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò."

Ó bẹ máńgòrò, ó gé e wẹ́wẹ́. Ó yan hóró èròjà ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kúmínì títí òórùn rẹ̀ fi gba àgbàlá. Ó kó wọn sórí ọlọ pẹ̀lú ewé míńtì, ata tútù, iyọ̀ àti ṣúgà ìrèké, ó ń lọ wọ́n di ṣátínì, ọbẹ̀ tútù tí wọn kì í sè. Ọlọ ń kùn bí oyin, òjìji ewé ń mì lójú Sulabha, Hemant gbàgbé pé ilé onílé lòun wà.

Ó fi róti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, kó o sẹ́nu. Ó dijú.

"Ó kan, ó ta, ó tún dùn. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

"Ẹ gba gbogbo ẹ̀ gbọ́."

Ojoojúmọ́ ló ń wá lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́jọ́ kan, Sulabha yẹ máńgòrò tó kó wá wò.

"Igi wa ò so irú èyí o."

"Ọjà ni mo ti rà á. Máńgòrò ti tán lórí igi, àmọ́ mi ò tíì ṣe tán àtimáa wá. Sulabha, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí kò pè é ní "ẹ" nìyẹn. Sulabha gba máńgòrò náà, ó dì í mọ́ àyà.

Àṣé Indutai wà lẹ́nu ọ̀nà. "Opó ọmọ mi! Kí ni ará àdúgbò máa wí?"

Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Sulabha ò jà. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ará àdúgbò ló ń ba ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́rù, bí kò ṣe àtidá wà. Àmọ́ oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Hemant gba ẹnu ọ̀nà iwájú wá, lójú gbogbo ayé.

"Màmá, mo fẹ́ fi Sulabha ṣaya, àmọ́ mi ò wá mú un kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká wó ògiri àárín ilé méjèèjì. Ìyá tèmi ti kú, mi ò lẹ́ni tó máa bá mi wí."

Indutai wò ó títí. "Ṣé o mọ oúnjẹ sè?"

"Tíì nìkan, ma."

"Bí ọmọ mi náà ṣe rí nìyẹn." Ó bú sẹ́kún. Ó fa Sulabha mọ́ra. "Ọmọ mi ló kú, ìwọ kọ́. Mo ti sin ìwọ náà pọ̀ mọ́ ọn láàyè. Foríjì mí."

Òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ní tẹ́ńpìlì, Indutai fi òdòdó funfun sí irun Sulabha, ohun tí wọn kì í ṣe fún opó. Àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ gbóhùn sókè," ni Indutai wí. "Ìyàwó ọmọ mi ló wọlé wá bá mi. Ọmọbìnrin mi ló ń lọ sílé ọkọ yìí."

Ó mú ọwọ́ Sulabha, ó fi lé ọwọ́ Hemant.