Sóbò Ìṣínu

“Ṣé kò sí àgbàlagbà nílé ni?”

Wolé-wolé tó béèrè dúró ti kànga àárín agbo ilé wọn ní Olówógbowó, ó ń nu òógùn ojú. Nusrat nìkan ló bá nílé lọ́sàn-án Jímọ̀ náà.

“Wọ́n ti lọ kírun, sà.”

“Ó dáa, ìwọ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. A ti yẹ omi kànga yín wò. Omi ṣáláńgá ti jò wọ inú ẹ̀. Sọ fún gbogbo ilé o: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu ún títí a ó fi wá da oògùn sí i lọ́la. Onígbáméjì ń jà ládùúgbò yìí!”

“Mo ti gbọ́, sà.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Inú burúkú ni kò jẹ́ kó sọ. Píọ́ wọ́tà ni wọ́n ń mu ní yàrá tiwọn. Ìyá Afusat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, nìkan ló ń fi omi kànga ṣe nǹkan mímu. Afusat yìí kan náà ló sì fẹjọ́ Nusrat sun tíṣà pé ó ń jíwèé wò nínú ìdánwò, tí wọ́n fi dá a kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé. “Kí inú máa run wọ́n,” ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀. “Ó tọ́ sí wọn.”

Nígbà tí wọ́n dé, ìyá Afusat se sóbò tí yóò fi ṣe sàráà ìṣínu. Ó hó dáadáa. Ṣùgbọ́n kó lè tètè tutù, Afusat fa garawa omi kan nínú kànga, ó dà á lé e lórí. Nusrat dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

“Kí lò ń wò lójú mi, olójú burúkú?”

“Ta ló ń wò ẹ́? Máa bá tìẹ lọ jàre!”

Ọkàn Nusrat balẹ̀ lórí Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá àwọn méjèèjì. Ọdún méjì ni Màmá ti ń bá ìyá Afusat ṣe kèéta, kì í fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Àṣé wáàsí lẹ́mọ́mù lọ́sàn-án ọjọ́ náà wọ Màmá lára. Bí wọ́n ti pe ìrun, ó na ọwọ́.

“Ìyàwó, fún mi ní tèmi. Ìjà yìí ti tó.”

Nusrat dìde. Bó bá pariwo, wọ́n á mọ̀ pé ó mọ̀. Ó tún jókòó. Màmá mu ife méjì, ó sì ṣàdúrà fún ìyá Afusat.

Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, èèyàn mẹ́fà ló ń ṣu, tí wọ́n ń bì. Afusat wà nínú wọn. Ti Màmá ló burú jù: ojú rẹ̀ jìn wọnú, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. Bàbá Nusrat gbá ìyá Afusat láṣọ mú.

“Májèlé lo fún ìyá mi! Ìkà obìnrin!”

“Wàláì, mi ò ṣe nǹkan kan!”

Ibẹ̀ ni wolé-wolé bá wọn, òun àti oògùn omi. Ó wò yíká, ó tọ́ka sí Nusrat.

“Ṣé ọmọ yìí ò jíṣẹ́ mi fún yín ni?”

Bàbá Nusrat tú aṣọ obìnrin náà sílẹ̀, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi fa omi sí Màmá lára nílé ìwòsàn kó tó lè jókòó. Nusrat kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife omi fún un. Màmá kò gbà á.

“Afusat,” ó pe ọmọ kejì, tí ara tirẹ̀ ti yá, “bá mi bu omi.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí,” Nusrat ń sunkún.

“Ọlọ́run á dárí jì ẹ́. Èmi ò tíì lè ṣe é. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bó o bá ń bá ará ilé ẹ jà, bú u, gbá a létí. Ṣùgbọ́n ikú tó o rí lọ́nà rẹ̀, sọ fún un! Àìsàn ò mọ ẹni tó ò ń bá jà.”

Afusat kọjá níwájú Nusrat láìwò ó, ó sì gbé ife mìíràn fún Màmá. Màmá mu ún tán.