Ọtí Tí Ẹnikẹ́ni Ò Mu

Ẹni tí ìfẹ́ ń bọ̀ wá bá kì í mọ ilẹ̀kùn tí yóò gbà wọlé. Aṣọ ni ọmọbìnrin aránṣọ kan gbé lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kan, aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń bo aláìsàn nígbà iṣẹ́ abẹ. Ó kanlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, ló bá tì í wọlé.

Ọkùnrin kan jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Ó ti fi òwú kun apá ara rẹ̀. Apá ibì kan dà bí omi tíì tó ki jù, apá ibi kejì pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́. Ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni aránṣọ wí. "Ṣé ògiri ni yín ni, tẹ́ ẹ fi ń kun ara yín lọ́dà?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni. "Oògùn apakòkòrò ni. Ayodín nìyí, èyí tá a ti ń lò tipẹ́. Ìkejì yìí ni tuntun tí wọ́n kó dé, wọ́n pò ó mọ́ sípíríìtì. Kí n tó fi kan ara ọmọ ọlọ́mọ, mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára tèmi."

Aránṣọ sọ ẹrù kalẹ̀. "Èwo ló wá dáa jù?"

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó dá lórí ibi tí wọ́n fẹ́ là, àti ara ẹni tí wọ́n fẹ́ là. Ẹ ò lè gbé olóòórùn ọtí yìí sún mọ́ ojú tàbí etí. Àmọ́ tó bá jẹ́ ikùn, òun la kọ́kọ́ máa nawọ́ sí báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ aláìsàn náà ti wẹ̀. Ọṣẹ ò tó ni?"

"Ọṣẹ ń kó ìdọ̀tí lọ. Àwọn kòkòrò kan wà tó ń gbé lára wa jẹ́ẹ́jẹ́, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ tí abẹ bá ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọ́n á wọlé, egbò á sì ṣọyún."

Aránṣọ bi í ní èyí, ó bi í ní tọ̀hún. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ti ọmọbìnrin yìí yàtọ̀: ìbéèrè ló mú un ṣìnà wọnú ọkàn ọkùnrin. Nígbà tó fi máa délé, ó rí i pé òun ò gba owó aṣọ, òun sì ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Láti ìgbà náà, kò pẹ́ kò jìnnà, á tún gbé aṣọ dé.

"Ayọ̀ mi," nọ́ọ̀sì á wí, "ta ló ní kó o tún rán òmíràn?"

"Ẹ̀rọ mi ló rán an. Mo kàn bá a gbé e wá ni."

Ìfẹ́ wọn gbilẹ̀. Ó wá di dandan kí ọmọbìnrin mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀sán ni, láti ẹnu iṣẹ́ ni nọ́ọ̀sì ti lọ. Ó tẹríba, ó kí ìyá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyá dáhùn, àmọ́ imú rẹ̀ ti sún kì. Kò jẹ́ kó pẹ́ níjòókòó.

"Ọmọ mi, ọ̀mùtí lo mú wálé."

"Rárá o, Màmá! Oògùn tó fi ń pa ara aláìsàn ló ń rùn bẹ́ẹ̀."

"Bàbá rẹ náà, oògùn ikọ́ ló pè é. Ó wúkọ́ títí tó fi wúkọ́ ilé wa tú."

"Ẹ̀ bá bi í léèrè."

"Gbogbo ọ̀mùtí ló ní àlàyé. Imú mi ni kì í ṣàlàyé."

Ẹni ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ta ló máa bá ìyá náà jà? Ọ̀rọ̀ yìí dun ọmọbìnrin wọra. Ó pàdé olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ìfẹ́ mi, mi ò lè fẹ́ ọ kí inú ìyá mi má dùn. Èmi nìkan ló ní."

"Èmi náà ò ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ká ṣì fún wọn láyè ná."

Wọn ò rí ara wọn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ìdodo ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti ń yọ níbẹ̀, tó ń fọwọ́ tì í padà. Ní báyìí ó ń dùn ún. Dókítà ní ìfun ló ń yọjú, kí wọ́n tètè ṣe é kó tó há. Ẹ̀rù ba ìyá. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin rí. Egbò náà ṣọyún, kò sì jinná títí tó fi kú.

Dókítà, obìnrin kan tó máa ń yára sọ̀rọ̀, wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ọmọbìnrin ìyá jókòó tì í. Ta ló tẹ̀ lé e? Nọ́ọ̀sì wa ni.

"Ìwọ náà nìyí!" ni ìyá wí.

"Èmi ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oògùn ìpara kankan ti bá ara yín jà rí?"

"Ayodín. Mo ṣubú ní kékeré, wọ́n fi kan orúnkún mi, gbogbo rẹ̀ lé ròrò bíi pé iná jó mi."

Dókítà àti nọ́ọ̀sì wo ara wọn. "A ò ní lo ayodín nìyẹn," ni dókítà wí. "Ti sípíríìtì la máa lò."

"Ọtí? Lára tèmi? Mo ti bá ọtí gbé rí, ẹ̀ẹ̀kan ti tó!"

Nọ́ọ̀sì ò jiyàn. Ó lọ gbé ìgò oògùn wá, ó kán díẹ̀ sórí òwú, ó fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá. Ìyá gbóòórùn rẹ̀.

"Ó tutù. Òórùn rẹ gan-an nìyí."

"Òun ni, Mà."

"Ó dáa. Mí sí mi nímú."

"Màmá!" ni ọmọbìnrin kígbe.

"Dákẹ́. Ṣé imú rẹ ni?"

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó mí hàà. Ìyá dijú bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ẹ̀pà."

"Ẹ̀pà ni mo jẹ lóòótọ́, Mà."

Àwọn aláìsàn yòókù bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyá ò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀mùtí náà máa ń jẹ ẹ̀pà," ló wí. "Ẹ fi pa ikùn mi, kí n má bàa kú bí ẹ̀gbọ́n mi. Ti ọmọ mi, mi ò tíì sọ nǹkan kan o."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú tipiri, àmọ́ ojú rẹ̀ là kedere lẹ́yìn aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ta sókè. Òórùn ọtí gba yàrá kan.

"Ẹ gbé abẹ fún mi," ni dókítà wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ó kù díẹ̀. Inú ìdodo ṣì tutù," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Òótọ́ ni. Tí iná ẹ̀rọ tá a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró bá bá a ní tútù, ó lè gbiná. A ó dúró."

Ìyá ò lè mú un mọ́ra. "Kí lẹ ń dúró dè níbẹ̀ yẹn?"

"Kí sípíríìtì yẹn gbẹ ni, Mà," ni nọ́ọ̀sì dáhùn.

"Ẹ ò ṣe fi aṣọ nù ún?"

"Tá a bá nù ún, a ti nu oògùn kúrò nìyẹn. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Mà."

Lójijì ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ìyá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ikùn yín ń mì!" ni dókítà pariwo.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ó dì í lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, mo mọ ọ̀mùtí bí ẹní mọ ilé. Mi ò tíì rí èyí tó rí ọtí, tó jókòó tì í, tó sì ní kí ọlọ́bẹ dúró títí yóò fi gbẹ."

Omijé bọ́ lójú ọmọbìnrin, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò tíì balẹ̀. Egbò ló kù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i wò, òun náà á na ọrùn wò ó. Kò pọ́n, kò wú, kò ṣọyún. Ó jinná, ojú rẹ̀ gbẹ dáadáa.

Ìyá ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì wá sílé. Ó fún un ní àga tó dára jù, ó ní kí ọmọ òun jókòó tì í.

"Mo ní ìbéèrè kan," ni ìyá wí. "Ìwọ́ ọmọ tuntun, kó tó já. Kí lẹ ń fi pa á, kí kòkòrò má bàa gbabẹ̀ wọlé?"

Ojú nọ́ọ̀sì tàn bí ti ẹni tí wọ́n bi léèrè iṣẹ́ rẹ̀. "Apakòkòrò bíi ti ikùn yín náà ni, Mà, àmọ́ èyí kò ní ọtí nínú, ó dà bí ìpara." Ó wo yàrá yíká. "Ta ló bímọ, Mà?"

Ìyá wò ó tìyanu-tìyanu. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, tó ti fi aṣọ bo ẹnu nítorí ẹ̀rín.

"Ọlọ́pọlọ pípé lo fẹ́ fẹ́ yìí," ló wí, "àmọ́ ìwọ ni kó o ṣàlàyé fún un."